Oyè Ọ̀mọ̀wé, Ewì àti Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Dání l'Ékòó

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ oríkì, ẹkún ìyàwó, ìjálá, ewé àti egbò tàbí ọdún Èyọ̀, tó tún ń kọ ewì tàbí eré tirẹ̀, tó sì ní ọkọ tàbí aya, ọmọ àti àna tó ń retí rẹ̀ nílé. Àwọn tó ń gbé Bàrígà, Ṣómólú, Yábàá, Muṣin àti Ìsàlẹ̀ Èkó ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí pé ìgbé ayé Èkó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún wa kò ju pé ká ṣe tàìmtébù lọ. Tàìmtébù dára, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ní àdéhùn nínú kì í pẹ́ fọ́ ní ìlú yìí. NẸ́PÀ á mú iná lọ. Ọkọ̀ á há sórí afárá Third Mainland. Olùkọ́ ọmọ á pè pé ara rẹ̀ gbóná, kí ẹ tètè máa bọ̀. Ohun tó máa ń dúró nígbà tí gbogbo èyí bá dé ni ohun tí ẹ̀yin àti àwọn èèyàn yín ti jọ fẹnu kò sí. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, ó sì dá mi lójú pé àdéhùn ló ń gbé e ró. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn.

1. Ẹ jẹ́ kí ará ilé lè ròyìn iṣẹ́ yín fún ẹlòmíì

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé "ó ṣì ń lọ sí Unilag." Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹ ń ṣe kò lè bá yín gbèjà rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú kíláàsì, tí ìyá ọkọ yín lè sọ fún ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsàlátù láìṣì í sọ. Bí àpẹẹrẹ: "Màmá, ẹkún ìyàwó tí àwọn ìyá yín ń sun ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni mò ń kó jọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà. Mò ń gba ohùn wọn sílẹ̀, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ han àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó fún mi lóyè." Ó tó bẹ́ẹ̀. Màmá tó bá ti gbọ́ èyí yé, àwọn gan-an ni yóò máa lé ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín.

Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ẹ sọ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ni ẹni tó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, lítíréṣọ̀ Yorùbá, ìyẹn ewì Ifá, ló sì fi gbà á. Kí wọ́n tó fún oníṣirò tàbí oníkẹ́mísìrì ní Àkọkà, wọ́n ti fún onífá.

Ẹ má ṣèlérí ọdún pàtó tí ẹ máa parí fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, kò sì sí àdéhùn ilé kankan tó lè dá irú èyí dúró. Ohun tí ẹ lè ṣèlérí ni ìpele: "Kí ọmọ tó wọ kíláàsì tuntun, mo fẹ́ ti gba ohùn gbogbo àwọn àgbàlagbà tí mo nílò." Ìyanṣẹ́lódì kò dí gbígba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́, kò sì dí àdàkọ lọ́wọ́. Ẹ tò ó lọ́kàn pé iṣẹ́ tí kò nílò ìbuwọ́lù ọ̀gá ni ẹ máa fà jáde nígbà tí wọ́n bá ti yunifásítì pa.

2. Ẹ bá ẹnìkejì yín jókòó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

"Jọ̀ọ́, máa ràn mí lọ́wọ́" kì í ṣe àdéhùn. "Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ lọmọ wà, ì báà sunkún, ì báà bèèrè mi" ni àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ní ti wákàtí, ẹ wo ìgbà tí iná àti ìdákẹ́jẹ́ bá máa ń pàdé nílé tiyín. Ẹ má fara wé ẹni tó ní aago mẹ́rin ìdájí lòun fi ń kọ̀wé. Bí ọkọ yín bá ń jáde láago márùn-ún kó lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, aago mẹ́rin gan-an ni ilé yín máa ń pariwo jù: omi gbígbóná, yúnífọ́ọ̀mù tí wọn ò tíì lọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan tí wọn ò rí. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, wákàtí tó tẹ̀lé ìgbà tí ọmọ bá ti wọ kíláàsì sàn jù. Ẹ máa gbé kọ̀ǹpútà yín dání lọ gba ọmọ sílé ẹ̀kọ́. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń dúró de lẹ́sìnnì kó parí tó láti fi àmì ohùn sí ojú ewé kan.

Ọ̀rọ̀ owó ṣe pàtàkì ju bí a ṣe máa ń mú un lọ. Iṣẹ́ yìí kò mọ sórí owó ilé ẹ̀kọ́. Dátà wà níbẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀, ohun tí ẹ ó mú lọ fún àgbàlagbà tí ẹ fẹ́ gba ohùn wọn, owó títẹ àpilẹ̀kọ àti dídì í. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìṣirò ilé ní gbangba. Owó tí ẹnì kan yọ́ ná lórí ìwé máa ń dá ìjà sílẹ̀ ju àkókò lọ. Èmi fara mọ́ dídá àjọ fún un; ẹ bẹ olórí àjọ pé kó fi ìgbà tí ẹ máa kó sí oṣù tí wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ẹ bi ọ́fíìsì yín léèrè ètò tí TETFund (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́) fi máa ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó oúnjẹ.

Ẹ tún kọ ohun tí ẹnìkejì yín yóò rí gbà sínú bébà náà. Àdéhùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ àǹfààní rẹ̀ kì í tọ́jọ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ẹ kò ní ṣí ìwé rárá, ó lè jẹ́ alẹ́ kan tí òun náà yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde láìsí àlàyé. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹ mú un ṣẹ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n mú tiyín ṣẹ.

Ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí àdéhùn. Ọmọ kékeré kò mọ aago, ṣùgbọ́n ó mọ àmì. Nílé tiwa, fìlà pupa ni: bí fìlà bá ti wà lórí mi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àfi tí ẹnì kan bá ṣubú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Ibi tó ṣòro nínú rẹ̀ ni ti ẹ̀yin àgbà. Bí ẹ bá ti ṣí fìlà, ẹ ti di ti ọmọ, fóònù á sì kúrò lọ́wọ́. Ọmọ tó bá rí i pé ṣíṣí fìlà kò yí nǹkan kan padà kò ní bọ̀wọ̀ fún dídé rẹ̀.

3. Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọjọ́ yìí ló le jù l'Ékòó. Bí ẹ kò bá ṣọ́ ọ, òde ìnáwó ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ, tòun ti owó aṣọ ẹbí. Síbẹ̀ mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má lọ òde mọ́. Ẹni tí kò bá bá ẹnikẹ́ni ṣe, ta ni yóò bá a ṣe lọ́jọ́ tó bá gboyè?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ kó gbogbo ìwé ìpè jọ, títí kan èyí tó wá lórí WhatsApp, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsìnkú òbí, ìkómọjáde ọmọ àbúrò, ìgbéyàwó ọmọ ilé: gbogbo yín lẹ máa lọ, kò sí àríyànjiyàn. Òmíràn wà tí ẹnì kan lè ṣojú ẹnìkejì. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé owó díẹ̀ àti ìpè orí fóònù ti tó fún un. Ẹ tètè fèsì lórí aṣọ ẹbí. Ọlọ́jọ́ kì í bínú sí ẹni tó sọ ní kùtùkùtù pé "Àǹtí, mi ò ní lè ra aṣọ, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ wá kí yín" tó bó ṣe ń bínú sí ẹni tó dákẹ́ títí wọ́n fi gé aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì lè lọ síbi ìsìn tàbí nìkáà láàárọ̀, kí ẹ kí ẹbí, kí ẹ fi ẹ̀bùn yín sílẹ̀, kí ẹ ti délé kí wọ́n tó máa gbé jọ̀lọ́ọ̀fù kiri.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá kan ewì alohùn, ẹ má kánjú kúrò níbi ìdána. Alága ìdúró àti alága ìjókòó tí ẹ ń wò yẹn, apohùn òde òní ni wọ́n. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń fi oríkì gba owó lọ́wọ́ àna, bí orin ìyàwó àtijọ́ ṣe ń di orin ìyìn lẹ́nu wọn, bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún bàbá olówó pé kó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i tí bàbá náà á sì dọ̀bálẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a máa ń wọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn lọ wá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn àdúgbò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bá alága sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹbí méjèèjì, ẹ san ohun tó yẹ. Òde tí ẹ bá ṣe báyìí lọ kò gba ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ́wọ́ yín.

4. Bí ẹ bá ń lọ gba ohùn sílẹ̀

Bí àwọn àgbàlagbà yín bá wà ní Erékùṣù, ẹ kó iṣẹ́ jọ sí ìrìn kan. Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní ọdún 1990 gùn ju kìlómítà 11 lọ, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà iye wákàtí tí yóò gbà yín. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ kí bàbá tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ẹ sì yà sí Mùsíọ́mù Orílẹ̀-èdè ní Oníkán, tó ti wà láti ọdún 1957, àti sí John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tó wà nítòsí rẹ̀. Ibi méjèèjì tó ìrìn àjò ìsinmi fún ọmọ, wọ́n sì tó iṣẹ́ fún yín. Àwọn tó ń ti apá Àgbádó, Ìkẹjà tàbí Muṣin bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò dé Oyíngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Àwọn ará Mile 2 ti ní Blue Line dé Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ (earphone) bọ etí nínú ọkọ̀, kí ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgbà tí ẹ bá fi jókòó láti dà á kọ, ẹ ti mọ ibi tí ohùn ti ń sọ̀.

Ẹ má mú ẹ̀rọ jáde níbi ìbẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín léèrè títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ọmọ yín bá ti tó ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹ mú un dání. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa máa ń ṣílẹ̀kùn tí ìwé ìfinihàn láti yunifásítì kò lè ṣí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á kọ́kọ́ bèèrè oríkì ọmọ náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín á ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ èèwọ̀ ibi tí ẹ ń lọ. Lọ́jọ́ Èyọ̀, wọn kì í wọ sálúbàtà, wọn kì í mu sìgá, wọn kì í di irun ṣùkú níbi tí Èyọ̀ bá wà. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọbìnrin yín lọ wòran, ẹ sọ fún onídìrí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ ti awo, ẹ fi ọmọ sílé, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ wọ ibi tí wọn ò pè yín sí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pa á. Ìmọ̀ tí wọ́n fi yéni láìgbà á sílẹ̀ ṣì jẹ́ ìmọ̀, ẹ kàn ní láti gbà pé kò ní wọ àpilẹ̀kọ ni.

Nígbà míì, inú ilé yín gan-an ni orísun wà. Ìyá ọkọ mi máa ń ki ọmọ bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, oríkì tí mi ò rí nínú ìwé kankan. Mo bẹ̀ wọ́n pé mo fẹ́ gbà á sílẹ̀. Wọn ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wẹ̀, wọ́n ró ìró tí wọ́n fi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n jókòó sórí àga tó dojú kọ fèrèsé, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ náà wá, pé ohùn tí àwọn tí kò tíì wáyé máa gbọ́ kò yẹ kó jáde lẹ́nu ẹni tó ró ìró ilé ìdáná. Ẹni tó bá fi fóònù pamọ́ sábẹ́ àwo láti jí irú ohùn bẹ́ẹ̀ gbà kì bá tí gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ó máa wà títí, wọ́n ki ìran dé ibi tí wọn kì í dé tẹ́lẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹbí yín ju bí ẹ ṣe máa gbà á lọ́wọ́ àlejò lọ: ṣáájú kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, àti ṣáájú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àna tí kò lè sọ pé rárá fún yín lójú kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn, ìyẹn ọkọ tàbí aya yín, bá yín bi wọ́n nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀.

5. Ẹ ya tiwọn kúrò lára tiyín

Ibí ni ẹni tó ń ṣèwádìí tó tún ń kọ ewì ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Etí kan náà lẹ fi ń gbọ́ méjèèjì. Ẹ ó gbọ́ ìlà kan lẹ́nu ìyá àgbà ní Èbúté Mẹ́ta, ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìlà yẹn á jáde nínú ewì yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i.

Ẹ ṣí àpò mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà: "Tiwọn", "Àlàyé", "Tèmi". Ohun tí apohùn sọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, wà nínú "Tiwọn", ẹ kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe. Ìtúpalẹ̀ yín wà nínú "Àlàyé". Ewì yín wà nínú "Tèmi". Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan láti "Tiwọn" lọ sí "Tèmi", ẹ padà lọ bá ẹni tó ni ín. Ẹ sọ fún un pé yàtọ̀ sí ìwé yunifásítì, ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọrin níbi tí èèyàn máa pàtẹ́wọ́, bóyá tí wọ́n á tiẹ̀ sanwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà. Àwọn kan á ní kí ẹ dárúkọ àwọn lórí ìtàgé. Èyí tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹ sọ fún ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí yín pé ẹ ń kọ ewì. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kó rí i lójú pátákó ìpolówó. Kò sì sí ìdí láti tijú: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tó fi ìjálá ṣe iṣẹ́ ìwádìí kọ eré Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà sì ti ń kọ eré láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ méjèèjì bá ara wọn gbé nínú ayé wọn.

Ẹ má fi ewì sí ìgbà tí ó bá ṣẹ́kù, torí kì í ṣẹ́ kù. Ẹ fún un ní àyè tirẹ̀ nínú bébà ara fíríìjì, kó tilẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá pè yín láti wá kéwì ní Freedom Park, lórí ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street, ẹ kó ọmọ dání bí alẹ́ kò bá tíì jìn. Ó yẹ kí wọ́n rí ibi tí fìlà pupa ń gbé ìyá wọn lọ.

6. Fáìlì àti àmì ohùn

Ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ẹ tẹ̀ lé látòkè délẹ̀, yàtọ̀ sí àyọlò láti ìwé àtijọ́. Ẹ yan pátákó ìtẹ̀wé (keyboard) kan ṣoṣo, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi parí. "Ọ́" tí a kọ́kọ́ fún ní àmì abẹ́ àti èyí tí a kọ́kọ́ fún ní àmì ohùn jọ ara wọn lójú wa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ohun méjì. Ẹ ó wá ọ̀rọ̀ kan nínú àpilẹ̀kọ yín, yóò ní kò sí. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé ti Google, ní Yorùbá fún ẹni tó ń fi fóònù tẹ̀wé. Ẹ tọ́jú ohùn tí ẹ gbà sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn wà níta ilé yín. Ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á sílẹ̀, kí ẹ tó jẹun alẹ́.

7. Àáró

Àwọn àgbẹ̀ wa kì í dá roko. Wọ́n á jọ ro oko ẹnì kan lónìí, ti ẹnìkejì lọ́la; èyí ni à ń pè ní àáró. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ní ọmọ, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiyín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àáró ọmọ: ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ fẹnu kò lórí oúnjẹ, lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí ẹni tí wọ́n á pè bí ara ọmọ bá gbóná. Ẹni tó bá pa ìgbà tirẹ̀ jẹ gbọ́dọ̀ san án padà kó tó tún mú ọmọ wá. Èyí rọrùn ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ, kò sì náni lówó.

8. Bí ó bá di pé kò ṣeé ṣe fún ìgbà díẹ̀

Oyún lè dé, àìsàn lè wọlé, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì yín. Ẹ má pòórá. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga pé ẹ fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró díẹ̀, kí ọ̀gá yín mọ̀, kí ẹ sì gba èsì tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé ní àyè láti padà. Èyí tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń yọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ sì máa tún àdéhùn ilé wò ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ tó ń mu wàrà ní táàmù tó kọjá lè ti máa rìn báyìí. Ẹ já bébà àtijọ́ kúrò lára fíríìjì, ẹ jókòó, kí ẹ béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ olúkúlùkù, títí kan ọmọ: èwo nínú rẹ̀ ló ni ọ́ lára? Ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bébà tuntun.